Ẹ yọ axis ọwọ́ ọ̀tún yẹn kúrò, ó ń parọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ojú ewé kọ̀ǹpútà yín ni mo bá wá, èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi òpó méjì sínú ara wọn nínú ṣáàtì Excel, kí ọ̀kan fẹ̀ lẹ́yìn kí ìkejì sì tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, kéèyàn lè rí tágẹ́ẹ̀tì àti ohun tó wọlé gangan lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn sí i, n ò ní purọ́, torí ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa ń bi èmi náà jù níbi iṣẹ́, kò sígbà tí rípọ́ọ̀tù fẹ́ jáde tẹ́nì kan ò ní wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi pé ẹ jọ̀ọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe òpó-inú-òpó yẹn. Àmọ́ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ dúró sí. Ẹ ní ká gbé series kan (ìyẹn ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan, bíi gbogbo tágẹ́ẹ̀tì) lọ sórí Secondary Axis (axis kejì, ìlà òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àwòrán), ẹ ní ká yí Gap Width (àyè tó wà láàárín òpó), ẹ wá ní ó parí. Kò tíì parí o. Ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí yẹn gan-an nirọ́ ti ń wọlé, àwòrán tẹ́yin fúnra yín tẹ̀ sábẹ́ àlàyé náà sì ti ń parọ́ báyìí lójú gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Oṣù mẹ́rin lẹ lò. Tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ 60, 80, 90 àti 90. Ohun tó wọlé jẹ́ 52, 66, 58 àti 49. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn lórí bébà á mọ̀ pé kò sóṣù kankan tí wọ́n bá tágẹ́ẹ̀tì wọn. Ó dáa, ẹ wá wo àwòrán. Ní oṣù kìíní, òpó tágẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 60 ń ka axis ọwọ́ òsì, tó lọ láti 0 dé 100, nítorí náà ó gòkè dé ìdá 60 nínú 100 gíga àwòrán. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú ẹ̀, 52, axis ọwọ́ ọ̀tún ni tiẹ̀ ń kà, 0 dé 70, ó wá gòkè dé nǹkan bí ìdá 74. Ẹ rí i báyìí? Èyí tó kéré ló ga jù. Oṣù kejì náà nìyẹn, 66 ti lọ lé téńté sí ìdá 94, tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó jẹ́ 80 ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Oṣù kẹta àti ìkẹrin nìkan ni òpó tẹ́ẹ́rẹ́ rẹlẹ̀ ju èyí tó fẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ò sì rẹlẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fojú gba àwòrán yẹn kọjá á ní àwọn wọ̀nyí mà gbìyànjú o, wọ́n ré kọjá tágẹ́ẹ̀tì lóṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dẹnu kọlẹ̀. Irọ́ gbuu!

Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tì í láti tan èèyàn jẹ. Excel ló ń ṣe é fúnra ẹ̀. Béèyàn bá ti gbé series kan lọ sórí axis kejì, àwọn nọ́ńbà tó wà lórí axis yẹn nìkan ló máa wò, á wá yan òpin tó sún mọ́ wọn. Èyí tó ga jù lápá òsì ni 90, ó yan 100. Èyí tó ga jù lápá ọ̀tún ni 66, ó yan 70. Kò mọ̀ pé nǹkan kan náà ni méjèèjì ń kà, kò sì ní bi yín. Bí àwọn nọ́ńbà bá tún wá sún mọ́ra wọn jù, bí 80, 82, 88, 90 báyìí, axis náà lè má bẹ̀rẹ̀ láti 0 rárá, á kàn bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, 80 á wá dà bí ohun tí ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 90. Òpó tí ò bá bẹ̀rẹ̀ láti 0 kì í ṣe òpó mọ́ lójú tèmi, torí gíga ẹ̀ látòkè délẹ̀ lojú ń kà, orí ẹ̀ nìkan kọ́.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le rárá, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kéèyàn kíliki axis ọwọ́ ọ̀tún kó mú un, kó tẹ Delete lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó tán. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á bá a lọ, kò ní lọ síbì kankan o, á ṣì dúró níwájú, á ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, àmọ́ axis ọwọ́ òsì ni yóò máa kà látìgbà yẹn lọ. Lójú ẹsẹ̀ lẹ máa rí 52 tó máa wálẹ̀ wá sábẹ́ 60, 66 náà á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 80, ìtìjú á sì bo àwọn tó ni nọ́ńbà náà bó ṣe yẹ kó bò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára o, Delete ni mo sọ. Ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé nọ́ńbà ọ̀tún yẹn ń dí wọn lójú, wọ́n á wá wọ Format Axis, wọ́n á lọ síbi Label Position, wọ́n á yan None, àwòrán á wá mọ́ tónítóní, wọ́n á ní àwọn ti yọ ọ́. Wọn ò yọ nǹkan kan. Axis yẹn ṣì wà ńbẹ̀, ó ṣì ń ka 0 dé 70 ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rí nìkan ni wọ́n mú kúrò nílẹ̀. Èyí burú ju kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ, torí bí nọ́ńbà ọ̀tún bá ṣì wà, ẹni tójú ẹ̀ bá mú lè rí i pé òṣùwọ̀n méjì ló wà níbẹ̀, tó bá ti di None báyìí, ta ló máa mọ̀?

Àwọn míì á ní kéèyàn fọwọ́ kọ Minimum 0 àti Maximum 100 sórí axis méjèèjì. Ó dáa náà, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kọ kì í yí padà mọ́ fúnra ẹ̀. Bí nọ́ńbà oṣù tó ń bọ̀ bá jẹ́ 130, òpó yẹn á kàn forí gún òkè àwòrán ni, wọ́n á gé e síbi 100, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá 101 ni àbí 300. Delete ló dáa jù fún èmi.

Kí ló dé téèyàn tiẹ̀ nílò Secondary Axis ọ̀hún látìbẹ̀rẹ̀? Ẹ ò sọ ìyẹn náà, ẹ kàn ní ká ṣe é. Ìdí ẹ̀ ni pé gbogbo series tó bá wà lórí axis kan náà, Gap Width kan ni wọ́n jọ ń lò, Series Overlap (bí àwọn òpó ṣe ń gun ara wọn) kan náà ni wọ́n jọ ń lò, bẹ́ ẹ bá yí ti ọ̀kan, ti gbogbo wọn ti yí nìyẹn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè mú kí ọ̀kan fẹ̀ kí ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́ àfi kí wọ́n wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Torí ìyẹn la ṣe ń gbé ọ̀kan lọ sórí Secondary, kì í ṣe torí pé a fẹ́ òṣùwọ̀n kejì. Ohun tó bá sì wà lórí Secondary ló máa ń wà níwájú, nítorí náà ohun tó wọlé gangan ni kẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi tágẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé tágẹ́ẹ̀tì lọ, òpó ńlá yẹn á kàn bo ti kékeré mọ́lẹ̀ ni, á wá máa wá a kiri.

Gap Width yìí náà máa ń da èèyàn láàmú torí òdì ló ń ṣe: bẹ́ ẹ bá fi kún un, òpó á tín-ín-rín, bẹ́ ẹ bá dín in kù, òpó á fẹ̀. Àyè tó wà láàárín òpó ló ń wọ̀n, kì í ṣe òpó fúnra ẹ̀, ó sì ń lọ láti 0 dé 500. Tó bá jẹ́ series kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, Gap Width 50 á jẹ́ kí òpó gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè tó ní, 300 á jẹ́ kó gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Èmi máa ń lo 50 fún ti ẹ̀yìn, 300 fún ti iwájú, ó máa ń dáa lójú, àmọ́ kò sófin ńbẹ̀, kí ìyàtọ̀ ṣáà hàn. Èyí tí Excel fúnra ẹ̀ máa ń gbé wá fún òpó tuntun ni 219, mi ò mọ ẹni tó jókòó yan 219.

Ọ̀pọ̀ á wá bi mí pé ṣé kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ, ṣé kéèyàn má kàn fa Series Overlap lọ sí 100 kó parí? Ó wà, ó sì dáa níbì kan, kò dáa níbòmíì, ẹ̀yin náà sì lẹ máa mọ èyí tó kàn yín. Overlap máa ń lọ láti -100 dé 100. Níbi -100 àwọn òpó á jìnnà síra wọn, níbi 0 wọ́n á fara kanra, níbi 100 wọ́n á wà lórí ara wọn pátápátá, fífẹ̀ kan náà, èyí tó bá sì wà nísàlẹ̀ nínú lísìtì Select Data ló máa wà níwájú. Bó bá jẹ́ pé apá kan nínú odidi lẹ fẹ́ fi hàn, bí iye fọ́ọ̀mù tó wọlé àti iye tí wọ́n ti yẹ̀ wò nínú wọn, kò sí wàhálà, iye tí wọ́n yẹ̀ wò ò lè ju iye tó wọlé lọ láéláé, ẹ fi odidi sẹ́yìn kẹ́ ẹ fi apá síwájú, kò tiẹ̀ nílò Secondary kankan. Àmọ́ tágẹ́ẹ̀tì àti ohun tó wọlé ò rí bẹ́ẹ̀, òní wọ́n á kéré sí i, ọ̀la wọ́n á jù ú lọ. Oṣù tí ohun tó wọlé bá jẹ́ 72 tí tágẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 60, òpó 60 ti wọ ẹ̀yìn 72 lọ nìyẹn, bí ọmọdé tó dúró sẹ́yìn àgbàlagbà nínú fọ́tò, kò sí ohunkóhun tó máa yọ lára ẹ̀. Òǹkàwé á rò pé wọn ò ní tágẹ́ẹ̀tì lóṣù yẹn ni.

Wọ́n á tún ní kéèyàn fi Transparency sí ti iwájú kó máa hàn gààràgà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, n ò fẹ́ràn ẹ̀. Búlúù lórí ọsàn á di àwọ̀ kẹta tí kò sí nínú legend (àpótí tó ń sọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún), àwọn èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí nìyẹn dúró fún. Nínú ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ tẹ̀ ní dúdú àti funfun ńkọ́? Eérú lórí eérú.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kìlọ̀ fáwọn tó ń lo Stacked Column fún irú nǹkan yìí. Ó jọ òpó-inú-òpó lójú, kì í ṣe òun o. Ìròpọ̀ ni stacked máa ń ṣe, ó ń to òpó kan lé ìkejì lórí. Bí odidi bá jẹ́ 90 tí apá sì jẹ́ 58, tẹ́ ẹ wá kó méjèèjì sínú stacked bẹ́ẹ̀, òpó yẹn á ga dé 148, nọ́ńbà tí kò sí níbì kankan láyé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dandan, kó ṣe column mìíràn nínú spreadsheet ẹ̀ tó máa yọ 58 kúrò nínú 90, kó wá to 58 àti 32 léra, ìyẹn ló tọ̀nà. Fún tágẹ́ẹ̀tì kò tiẹ̀ tọ́ rárá, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ju tágẹ́ẹ̀tì lọ, ohun tó ṣẹ́ kù á di nọ́ńbà òdì, òpó á wá máa wọ ilẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ìwé ìròyìn, n ò ní lo òpó méjì rárá. Màá fi ohun tó wọlé ṣe òpó, màá fi tágẹ́ẹ̀tì ṣe ìlà kékeré tó dábùú òpó yẹn lórí. Kò le: Change Chart Type, Combo, ẹ sọ tágẹ́ẹ̀tì di Line with Markers, ẹ rí i pé ẹ ò fi àmì sí àpótí Secondary Axis tó wà ńbẹ̀, ẹ yan No line fún ìlà ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yan marker (àmì orí ìlà) tó jọ dáàṣì, kẹ́ ẹ mú un tóbi díẹ̀. Òpó tó bá dé ìlà ti bá tágẹ́ẹ̀tì, èyí tí ò dé e ò bá a. Kò sóhun tó bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, dúdú àti funfun ò lè bà á jẹ́, ẹni tí kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé náà á rí i kà. Bullet graph tí Stephen Few, ẹni tó ń kọ́ni nípa àwòrán nọ́ńbà, gbé jáde náà ò jìnnà síyẹn, òpó kan àti ìlà kúkúrú kan tó dúró fún ibi tó yẹ kó dé.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kan náà yìí kì í sì í ṣe ìwà fínnífínní lásán. Ní 1984, William Cleveland àti Robert McGill gbé ìwádìí jáde lórí ohun tójú èèyàn ń kà dáadáa nínú àwòrán nọ́ńbà àti ohun tí kì í kà dáadáa. Ipò lórí òṣùwọ̀n kan náà ló gba ipò kìíní. Nígbà tí nǹkan méjì bá dúró lórí òṣùwọ̀n kan, ojú máa ń fi wọ́n wéra láìṣì tó bẹ́ẹ̀. Òpó-inú-òpó ń gba agbára ẹ̀ látibẹ̀ ni, orí òpó méjèèjì wà nítòsí ara wọn, ojú ò ní láti rìn jìnnà. Bẹ́ ẹ bá wá yí òṣùwọ̀n ọ̀kan padà lẹ́yìn, ẹ ti fi ohun tójú èèyàn gbà gbọ́ jù tàn án jẹ nìyẹn, ó sì sàn kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà lásán sínú tébù kó máa lọ.

William Playfair, ará Scotland kan, ti fi òpó méjì méjì wéra nínú àwòrán ní 1786, kọ̀ǹpútà ò tíì sí lójú ọ̀nà. Ó to ọjà tó wọ Scotland àti èyí tó jáde lọ sí ibi 17, òpó méjì méjì fún ibì kọ̀ọ̀kan, fún ọdún kan ṣoṣo, torí nọ́ńbà ọdún kan náà ló rí gbà. Òṣùwọ̀n kan ló fi wọn gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń yà á o, kò sí Secondary Axis tí yóò dá a láàmú.

Mi ò sọ pé axis kejì ò wúlò rárá ṣá. Bí ohun méjì bá jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀, bí iye òjò ní mìlímítà àti bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó, wọn ò lè jọ lo òṣùwọ̀n kan, axis kejì dé fún wọn nìyẹn. Àmọ́ nígbà yẹn ẹ má fi wọ́n sínú ara wọn mọ́, torí fífi òpó sínú òpó ń sọ fún òǹkàwé pé ẹ fi méjì yìí wéra, kò sì sí bí mìlímítà ṣe fẹ́ ga ju ooru lọ. Ẹ sọ ọ̀kan di láìnì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ axis méjèèjì sára wọn.

Fáwọn tó ń lo LibreOffice Calc, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ bí Excel, tí wọ́n máa ń pa tì nínú irú àlàyé báyìí: ẹ kíliki òpó náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Options, ibẹ̀ ni Secondary Y axis wà, ibẹ̀ náà ni Spacing tó ń ṣiṣẹ́ Gap Width àti Overlap wà. Bí òpó yín bá kọ̀ tí wọn ò wọ inú ara wọn, ẹ wò ó bóyá Show bars side by side ló wà ní mímú, ẹ yọ ọ́. Nínú Calc, kíkọ ni mo máa ń kọ Minimum àti Maximum kan náà sórí méjèèjì, màá sì padà lọ wò ó nígbàkigbà tí nọ́ńbà bá yí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ tún àwòrán oṣù mẹ́rin yẹn tẹ̀, nọ́ńbà kan náà, axis kan ṣoṣo láti 0, kẹ́ ẹ tẹ ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ káwọn èèyàn rí ìyàtọ̀. Ẹ sì bá mi fi ìlà kan kún àlàyé yẹn, lẹ́yìn ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé kí wọ́n yí Gap Width: kíliki axis ọwọ́ ọ̀tún, tẹ Delete.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń fi Excel jẹun